Ẹyẹ Kún Orí Igi Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Kò Sí Ẹyọ Kan Lọ́jọ́rú

Ìbéèrè olùkàwé: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìwọ̀-oòrùn Cleveland ní ìpínlẹ̀ Ohio, Amẹ́ríkà, létí adágún Erie, ni ilé wa wà. Ní oṣù Karùn-ún tó kọjá, òjò wínníwínní ń rọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, mo yọjú sẹ́yìn ilé, ẹyẹ wẹ́wẹ́ kún gbogbo igi. Òmíràn aláwọ̀ ìyeyè, òmíràn dúdú òun funfun, ọ̀kan wà tí ọ̀fun rẹ̀ dà bí ẹyin iná. Mo pe àwọn ọ̀rẹ́ mi pé kí wọ́n wá fojú ara wọn rí i lọ́jọ́ kejì. Oòrùn ràn lọ́jọ́rú náà, ojú ọ̀run mọ́ roro, àmọ́ a ò rí ju àwọn ẹyẹ gull tó ń gbé etí omi lọ. Ta ló lé wọn? Báwo ni mo ṣe lè mọ ọjọ́ tí wọn yóò tún pọ̀ bẹ́ẹ̀? Mo tún bá òkú ẹyẹ méjì lábẹ́ fèrèsé wa láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, ó sì ń dùn mí. Kí ni mo lè ṣe sí i?"

Kò sí ẹni tó lé wọn. Wọ́n jẹun yó, ilẹ̀ ṣú, afẹ́fẹ́ gbè wọ́n, wọ́n lọ. Ohun tó rú yín lójú, pé ọjọ́ tí oòrùn ràn gan-an lẹ ò rí nǹkan, inú rẹ̀ ni ìdáhùn wà. Létí adágún nígbà ìrúwé, ọjọ́ tó bá dẹrùn fún ẹyẹ kì í sábà dẹrùn fún ẹni tó fẹ́ wò ó. Ẹyẹ tí ọ̀nà dán fún, òkè ló ń gbà kọjá lórí ilé yín. Èyí tí òjò ká mọ́ ojú ọ̀run ló ń bà sórí igi. Nítorí náà, ẹ má fi ojú ọjọ́ òwúrọ̀ pinnu bóyá kí ẹ jáde tàbí kí ẹ má jáde. Òru tó ṣáájú rẹ̀ ni kí ẹ wò.

Òru ni púpọ̀ jù nínú àwọn ẹyẹ kéékèèké yìí fi ń rìnrìn àjò. Oòrùn á wọ̀, ìdajì wákàtí sí wákàtí kan lẹ́yìn ìyẹn wọn á gbéra. Afẹ́fẹ́ òru tutù, kì í sì í rú sókè rú sódò bíi ti ọ̀sán. Àṣá tó lè gbé wọn ti sùn. Ìràwọ̀ wà lókè tí wọ́n fi ń mọ ibi tí wọ́n kọjú sí. Ọ̀sán á sì ṣẹ́kù fún oúnjẹ wíwá. Ẹyẹ tí ọ̀fun rẹ̀ dà bí ẹyin iná tí ẹ rí yẹn, akọ Blackburnian Warbler ni kò ní ṣàìjẹ́. Nǹkan bíi gíráàmù 10 ni gbogbo ara rẹ̀ wọ̀n, orí àwọn òkè Andes ní Gúúsù Amẹ́ríkà sì ni irú rẹ̀ ti máa ń lo ìgbà òtútù. Fúnra rẹ̀, irú ẹyẹ bẹ́ẹ̀ lè fò bíi kìlómítà 30 sí 40 ní wákàtí kan. Bí afẹ́fẹ́ gúúsù bá ń tì í lẹ́yìn ní kìlómítà 30 ní wákàtí, ìrìn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì láìjẹ́ pé ó ná ọ̀rá ara rẹ̀ kún un. Bí afẹ́fẹ́ náà bá yí padà tó ń bọ̀ láti àríwá, ẹyẹ lè fi gbogbo òru ju apá kó má sì kúrò lójú kan. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí kì í fi í sábà gbéra lóru afẹ́fẹ́ àríwá.

Kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ yín, ojú wọn ti rí nǹkan. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti fò kọjá Ìyawọlẹ̀ Òkun Mẹ́síkò, bíi kìlómítà 800 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí omi, láìsí ibi ìsinmi kankan. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá ń gba orí ilẹ̀ Amẹ́ríkà bọ̀ díẹ̀díẹ̀: wọ́n á fò lóru, wọ́n á jẹun fún ọjọ́ kan tàbí ọjọ́ mélòó kan, wọ́n á tún gbéra. Adágún Erie kò fẹ̀ tó òkun; níbi tó ti fẹ̀ jù, kò ju bíi kìlómítà 92 lọ. Ẹyẹ tó ti sinmi tó sì sanra á fò ó kọjá kí ilẹ̀ tó mọ́. Àmọ́ èyí tó dé etí rẹ̀ ní ìdájí, tí ọ̀rá ara rẹ̀ ti ń tán, tó rí omi lọ súà níwájú, kò ní dán an wò. Igi àkọ́kọ́ tó bá rí ló máa bà sí.

Àwọn àgbà ní ojú ọ̀run tó ẹyẹ í fò láìfara-kanra. Òótọ́ ni. Ilẹ̀ tí wọ́n máa bà sí ni kò tó. Lápá ìwọ̀-oòrùn sí ọ̀dọ̀ yín, ní gúúsù adágún náà, oko àgbàdo àti oko soya ló gba ilẹ̀ lọ. Igbó tó ṣẹ́ kù létí omi kò ju ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ lọ níbòmíràn. Ìdí nìyẹn tí Magee Marsh fi lókìkí káàkiri ayé láàárín àwọn awẹyẹ: igbó kékeré kan lórí ilẹ̀ iyanrìn tó ga díẹ̀, adágún níwájú, àbàtà lẹ́yìn, ọ̀nà onípákó sì la inú rẹ̀ kọjá. Ẹyẹ tí ebi ń pa níbẹ̀ kò rójú ráyè bẹ̀rù ènìyàn. Ẹ lè dúró jẹ́ẹ́ kó máa ṣa kòkòrò jẹ lórí ẹ̀ka tí ọwọ́ yín lè tó. Ní òdìkejì omi, lápá Kánádà, Point Pelee ń ṣe iṣẹ́ kan náà: ilẹ̀ ṣóńṣó kan tó yọ wọnú adágún. Ọdún 1918 ni ìjọba sọ ọ́ di ọgbà àbójútó, ẹyẹ sì wà lára ìdí tí wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sí ọjọ́ Ìṣẹ́gun yín. Bí mo ṣe ń wò ó, afẹ́fẹ́ gúúsù fẹ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé, ó sì móoru. Ẹyẹ gbéra ní Kentucky àti gúúsù Ohio lẹ́gbẹẹgbẹ̀rún. Nígbà tó di ìdájí, òjò pàdé wọn létí adágún. Nínú òjò, ìyẹ́ a wúwo, wọn ò rí ìràwọ̀ mọ́, omi sì wà níwájú. Gbogbo èyí tó wà lókè rọ̀ wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tí àwọn awẹyẹ ń retí láti ọdún dé ọdún nìyẹn, ẹ sì rí i lẹ́yìn ilé yín pẹ̀lú aṣọ ilé lọ́rùn!

Nígbà tó fi di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun náà, òjò ti dá, afẹ́fẹ́ ti padà sí gúúsù. Àwọn tó ti jẹun yó gbéra. Àwọn mìíràn tó ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀ bá ojú ọ̀run tó mọ́, afẹ́fẹ́ tó ń tì wọ́n, wọn ò sì rí ìdí láti dúró. Bí ẹ bá jí láàárín òru tí ẹ dúró síta, ó ṣeé ṣe kí ẹ gbọ́ igbe wọn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lókè, nítorí púpọ̀ nínú wọn máa ń ké bí wọ́n ṣe ń fò. Ìgbà tí àwọn ọ̀rẹ́ yín fi máa dé, Kánádà ni àwọn ẹyẹ náà ti ń jẹun àárọ̀.

Síbẹ̀ mi ò gbà pé ọjọ́rú yẹn ṣófo. Igi lẹ ń wò, ẹ ò gbójú sókè. Ọjọ́ tí oòrùn ràn tí afẹ́fẹ́ gúúsù sì ń fẹ́, àwọn tó ń fi ọ̀sán rìn ni tiwọn. Àṣá kì í fẹ́ ju apá lásán. Orí atẹ́gùn gbígbóná tó ń ti ilẹ̀ gòkè ló máa ń gùn, á yí bìrìpó títí á fi ga, á wá rọra yọ̀ lọ síwájú. Omi adágún ṣì tutù nígbà ìrúwé, atẹ́gùn bẹ́ẹ̀ kì í gòkè láti orí rẹ̀. Nítorí náà àṣá á dé etí omi, á ṣẹ́rí, á máa tọ etíkun lọ títí yóò fi rí ibi tí ilẹ̀ ti gbà á kọjá. Ní ìpínlẹ̀ New York, ní gúúsù adágún Ontario, ibi méjì wà, Braddock Bay àti Derby Hill, tí àwọn ènìyàn ti ń dúró ka àṣá nígbà ìrúwé nítorí èyí gan-an. Ní ìparí oṣù Kẹrin, Broad-winged Hawk lè máa kọjá níbẹ̀ lọ́gọ́rọ̀ọ̀rún lójúmọ́. Ẹyẹ Blue Jay náà ń tọ etí omi lọ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ̀ọ̀wọ́ láìpariwo, àwọn alápàáńdẹ̀dẹ̀ sì ń fò nílẹ̀ nílẹ̀ lórí omi. Láti aago mẹ́wàá sí aago méjì ọ̀sán ni kí ẹ gbójú sókè nírú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ gbé àga síta, ọrùn á dun yín bí ẹ bá dúró.

Ọ̀nà kẹta wà, òun ni mo fẹ́ràn jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ènìyàn ń sá fún un: afẹ́fẹ́ àríwá tó fẹ́ fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, tó tutù wọ egungun. Ẹyẹ tuntun ò ní dé, àmọ́ àwọn tó ti dé ò lè lọ. Òtútù yóò lé kòkòrò kúrò lórí igi gíga, ẹyẹ á sì sọ̀ kalẹ̀ tẹ̀lé wọn. Ẹyẹ tó jẹ́ pé orí igi oak gíga fíofío lẹ máa ń wò ó títí ọrùn á fi lọ́, á wá máa tọ kiri lórí koríko àti iyanrìn létí omi. Iye wọn lè má pọ̀ bíi ti ọjọ́ òjò, àmọ́ ẹ máa rí wọn dáadáa, ẹ sì máa ráyè kọ́ ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọ̀kan àti èkejì. Ẹni tó bá ń bẹ̀rẹ̀, irú ọjọ́ yìí ni mo máa ń ní kó jáde, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹgbàágbèje ń dà gìrìgìrì tí ojú rẹ̀ ò lè dúró lórí ẹyọ kan.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ ṣáájú? Ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, ẹ wo nǹkan méjì nínú àsọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́: ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá báyìí, àti ìgbà tí òjò tàbí afẹ́fẹ́ àríwá máa dé. Gúúsù ní alẹ́, tí òjò sì máa dé láàárín aago mẹ́ta òru sí ìdájí: ẹ tètè sùn. Gúúsù láti alẹ́ mọ́jú tí kò sí ìkùukùu kankan: ẹ lè rí díẹ̀ ní kùtùkùtù, kí ẹ sì múra sílẹ̀ de àṣá. Àríwá látalẹ́: ohun tẹ́ ẹ rí lánàá náà lẹ máa rí, àyàfi díẹ̀ tó bá dín.

Ohun èlò kan tún wà tí mi ò lè ṣe aláìdárúkọ: BirdCast, tí ilé iṣẹ́ ìwádìí ẹyẹ ti Yunifásítì Cornell àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ wọn ń gbé jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Nígbà ìrúwé, láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹta sí ọjọ́ 15 oṣù Kẹfà, ó máa ń sọ bí ẹyẹ tó máa fò lóru ṣe máa pọ̀ tó. Radar ojú ọjọ́ ló fi ń ṣe é, ìyẹn ẹ̀rọ kan náà tí wọ́n fi ń mọ ibi tí òjò wà. Ẹyẹ máa ń hàn nínú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí òjò ṣe ń hàn. Ẹ̀yin fúnra yín lè wò ó: lẹ́yìn tí oòrùn bá ti wọ̀, bí ojú ọ̀run bá mọ́, tí àwòrán radar sì dédé ń ràn bí òrùka yípo ibùdó kọ̀ọ̀kan, ẹyẹ ló gbéra yẹn. Àmọ́ ẹ kíyè sí i, iye tí BirdCast ń kà ni ti àwọn tó ń kọjá lókè. Iye ńlá lóru tí kò sí ohun tó dá wọn dúró túmọ̀ sí pé wọ́n lọ.

Radar yìí kan náà ló jẹ́ ká rí nǹkan kan tó máa ń ya ẹni lẹ́nu. Ẹyẹ tí ilẹ̀ mọ́ bá lórí adágún máa ń gòkè sí i láti wo ibi tí etí omi wà, ọ̀pọ̀ á sì ṣẹ́rí padà sí èyí tó sún mọ́ ọn, kódà bó jẹ́ èyí tó ti kúrò níbẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá dúró sétí omi láti ìdájí títí di bí aago mẹ́jọ, ẹ̀yin tó wà ní gúúsù adágún lè rí ẹyẹ wẹ́wẹ́ tó ń ti àríwá bọ̀ lórí omi, tó ń bọ̀ tààrà sọ́dọ̀ yín. Wọn ò ṣìnà. Ibi tí wọ́n ti máa jẹun ni wọ́n ń wá.

Nípa oúnjẹ: ẹ wá kòkòrò, ẹ máa rí ẹyẹ. Kòkòrò kan wà tó jọ ẹ̀fọn àmọ́ tí kì í jẹ ènìyàn, inú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ adágún ni ìdin rẹ̀ ń gbé. Nígbà tí omi bá ń móoru ní oṣù Kẹrin àti Karùn-ún, wọ́n á jáde lọ́pọ̀ yanturu, wọ́n á máa ràbàbà lórí igi bí èéfín, wọ́n á lẹ̀ mọ́ ògiri, mọ́ ọkọ̀, mọ́ fèrèsé. Ẹ̀yin tó ń gbé ibẹ̀ ti gbá wọn jù, mo mọ̀, ẹ sì ti ṣépè fún wọn. Ẹ má fín oògùn sí wọn. Omi tútù máa ń mú kí ewé igi etí adágún pẹ́ kó tó yọ, ìdin tó ń jẹ ewé sì ń pẹ́ tẹ̀lé e. Nígbà náà, kòkòrò inú omi yìí ló ń gba ẹyẹ là. Erie ni kò jìn jù nínú Adágún Ńlá márààrún, ìpíndọ́gba jíjìn rẹ̀ kò ju mítà 19 lọ, ti apá ìwọ̀-oòrùn rẹ̀ kò sì tó mítà 8. Omi tí kò jìn ń tètè móoru, kòkòrò ń tètè jáde. Ẹ wo ibi tí afẹ́fẹ́ ò ti lè dé, lẹ́yìn igbó tàbí lẹ́yìn ògiri, pàápàá ibi tí oòrùn àárọ̀ ti kọ́kọ́ kàn. Bí kòkòrò bá dúró síbẹ̀, ẹ dúró síbẹ̀ pẹ̀lú.

Gúúsù adágún tí ẹ wà tún ní àǹfààní mìíràn: bí ẹ bá kọjú sí omi, oòrùn á wà lẹ́yìn yín tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́. Àwọn tó wà ní ìwọ̀-oòrùn adágún Michigan, bíi Chicago, kò rí irú rẹ̀. Oòrùn àárọ̀ ń wọ̀ wọ́n lójú, gbogbo pẹ́pẹ́yẹ orí omi á di òjìji dúdú.

Ti pẹ́pẹ́yẹ, wọ́n ti lọ tán kí oṣù Karùn-ún tó wọlé dáadáa. Oṣù Kẹta àti Kẹrin ni tiwọn. Yellow-rumped Warbler ló ń ṣíwájú àwọn ẹyẹ wẹ́wẹ́ ní ìparí oṣù Kẹrin; láti bí ọjọ́ 5 sí ọjọ́ 20 oṣù Karùn-ún ni ọjà kún jù; akọ ló ń kọ́kọ́ dé, abo á tẹ̀lé e. Lẹ́yìn náà ni Blackpoll Warbler àti àwọn ẹyẹ etí iyanrìn bíi Dunlin á dé, wọ́n sì lè pẹ́ di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà. Ó yẹ kí ẹ mọ̀ pé ìlú yín wà nínú ìtàn yìí. Ní ọjọ́ 13 oṣù Karùn-ún ọdún 1851, ní oko Jared Kirtland nítòsí Cleveland, ni wọ́n ti yìnbọn pa ẹyẹ kan tí sáyẹ́ǹsì kò tíì fún lórúkọ. Kirtland's Warbler là ń pè é lónìí. Bahamas ló ti ń lo ìgbà òtútù, abẹ́ igi jack pine ní Michigan sì ni púpọ̀ jù nínú wọn ti ń pamọ. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa run ní ọ̀rúndún tó kọjá, àmọ́ ní 2019 ni ìjọba Amẹ́ríkà yọ ọ́ kúrò lára àwọn tí ewu ìparun ń wu. Ó ṣì máa ń gba etí adágún yín kọjá ní àárín oṣù Karùn-ún.

Bínókúlà tí wọ́n kọ 8x42 sí lára tó yín. Nọ́ńbà àkọ́kọ́, 8, ni iye ìlọ́po tó fi ń mú nǹkan tóbi lójú. Èyí tó jẹ́ 10 ń mú nǹkan sún mọ́ sí i, àmọ́ gbígbọ̀n ọwọ́ yín náà á pọ̀ sí i. Áàpù Merlin á bá yín dá ohùn ẹyẹ mọ̀, kì í sì í gba owó. Ẹ má kàn gbà á gbọ́ títí ẹ ó fi fojú rí ẹyẹ náà. Ohun tí mi ò fara mọ́ rárá ni kí ènìyàn máa fi fóònù gbé orin ẹyẹ jáde kí ẹyẹ lè súnmọ́ ọn. Ẹyẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fò mọ́jú, tó yẹ kó máa jẹun, lẹ wá ń mú kó máa wá alátakò tí kò sí kiri.

Ó wá ku ti fèrèsé, kò sì yẹ kó jẹ́ ọ̀rọ̀ ìparí lásán. Ìwádìí kan tó jáde ní 2014 fojú bù ú pé láàárín mílíọ̀nù 365 sí mílíọ̀nù 988 ẹyẹ ló ń kú lọ́dọọdún ní Amẹ́ríkà nítorí pé wọ́n forí sọ ilé àti gíláàsì. Iná alẹ́ ló ń fà wọ́n sún mọ́ ilé, pàápàá lóru òjò àti ìkùukùu, gíláàsì ló sì ń pa wọ́n, nítorí ojú ọ̀run àti igi tó hàn nínú rẹ̀ ni wọ́n rò pé àwọn ń fò lọ. Ní oṣù Kẹwàá 2023, bí ẹgbẹ̀rún kan ẹyẹ ló kú láàárín ọjọ́ kan ní McCormick Place, ilé ńlá kan létí adágún Michigan ní Chicago. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n lẹ bébà tó ní àmì tóótòòtó mọ́ gíláàsì ilé náà, iye tó ń kú sì já wálẹ̀ ní nǹkan bí ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún. Ohun kan náà ṣiṣẹ́ fún ilé kékeré. Àwòrán àṣá ẹyọ kan tí wọ́n ń tà kò wúlò. Ẹyẹ á kàn gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Àmì tàbí okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó kún gbogbo ojú gíláàsì ló ń ṣiṣẹ́, ìta ló yẹ kó wà, àlàfo àárín ọ̀kan sí èkejì kò sì gbọ́dọ̀ ju sẹ̀ntímítà 5 lọ. Bí ẹ kò bá tíì ráyè ra nǹkan kan, ọṣẹ lásán lẹ lè fi fa ìlà sí i lára títí oṣù Karùn-ún á fi parí. Ẹ sì máa pa iná ìta láti aago mọ́kànlá alẹ́, pàápàá lóru tí BirdCast bá ní wọn á pọ̀.

Bí ẹ bá bá ọ̀kan nílẹ̀ tó ṣì ń mí, ẹ rọra gbé e sínú páálí kékeré tó ní ihò afẹ́fẹ́, ẹ dé e, ẹ gbé e síbi tó pa rọ́rọ́ tí kò tutù. Ẹ má fún un lómi, ẹ má fún un lóúnjẹ, ẹ má sì máa ṣí i wò. Lẹ́yìn bíi wákàtí kan, ẹ gbé páálí náà jáde sítòsí igi, kì í ṣe níwájú fèrèsé, kí ẹ ṣí i. Bí kò bá fò, ẹ pe àwọn tí ìpínlẹ̀ Ohio fún ní ìwé àṣẹ láti tọ́jú ẹranko igbó. Òfin àpapọ̀ tó dáàbò bo ẹyẹ aṣíkiri láti 1918 kò gbà kí ẹ fi í pamọ́ sílé.